Fáìlì Tí Màmá Nọ́ńbà Kà Láti Ẹ̀yìn

Tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọ ilé ìwòsàn náà, tí ẹ kọjá ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn mẹ́rin, ilẹ̀kùn tí ẹ máa bá níwájú ni ti yàrá fáìlì. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Àwọn pẹpẹ onírin gun ògiri dé òkè àjà, fáìlì sì kún orí wọn bámúbámú. Tábìlì kan ṣoṣo ló wà láàrin, ìwé ńlá kan tó nípọn bíi búrẹ́dì odindi wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú bírò mẹ́ta, ìgò omi kan, àti ìdì pépà pupa pélébé. Ẹ̀yìn tábìlì yìí ni Màmá Nọ́ńbà ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ẹ má fojú kékeré wo iṣẹ́ náà o. Gbogbo àrùn tí dókítà bá dárúkọ ló ní nọ́ńbà. Tí aláìsàn bá ti lọ sílé, tàbí tó lọ síbi tí a kì í ti í bọ̀, fáìlì rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ wá bá Màmá. Màmá á kà á, á wá orúkọ àrùn náà nínú ìwé ńlá, á sì kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà méjì sí iwájú fáìlì. Lẹ́tà K ni ti ọ̀fun, àpòlúkù, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti òróòro, òun ló sì fẹ́ràn jù. Lẹ́tà C ni ti jẹjẹrẹ. C kò tilẹ̀ sí nínú a-b-d tí a fi kọ́ ọ níwèé, ó sì máa ń ní kò ya òun lẹ́nu pé lẹ́tà àjèjì ni wọ́n fún irú àlejò bẹ́ẹ̀.

Àwọn orúkọ tí dókítà ń kọ wọ̀nyẹn gùn débi pé èèyàn á ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ wọn kó tó kà wọ́n dé òpin. Màmá kò lọ yunifásítì. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ra ìwé kékeré kan, ó sì ń tú orúkọ kọ̀ọ̀kan sí èdè tí ìyá rẹ̀ fi bí i. Omi kíkan inú tó ń padà gòkè sí ọ̀nà ọ̀fun, tó ń jó èèyàn láyà. Ògiri àpòlúkù tó wú. Ọgbẹ́ àpòlúkù, tó máa ń dunni bí a bá ti jẹun. Ọgbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, tó jẹ́ pé ebi ló ń jí i, tí oúnjẹ sì ń tù ú lójú. Òkúta inú àpò òróòro, tí ìrora rẹ̀ máa ń ti abẹ́ ìhà ọ̀tún gun ẹ̀yìn èjìká lẹ́yìn oúnjẹ olóròóró. Ọ̀nà òróòro tó dí, tó ń mú kí ẹyin ojú pọ́n, kí ìtọ̀ dúdú, kí ara máa yúnni. Àwọn nọ́ọ̀sì tuntun tí kò mọ bí àwọn ṣe máa ṣàlàyé àrùn fún aláìsàn máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ìwé kékeré yẹn ti gba ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ ìtìjú.

Àṣà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ akọ̀wé mìíràn. Láti ẹ̀yìn ló ti ń ka fáìlì. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, fọ́tò inú àti ìwé oníṣẹ́ abẹ, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn ń wà. Iwájú ni orúkọ aláìsàn ń wà, pẹ̀lú orúkọ tí dókítà fún àrùn rẹ̀. Ó ní tí òun bá kọ́kọ́ ka ohun tí dókítà wí, ojú òun á kàn máa wá ohun tó máa gbè é lẹ́yìn ni. Nítorí náà á ka ẹ̀rí tán, á dá ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́kàn, kó tó yí fáìlì padà. Bí ọ̀rọ̀ bá bára mu, ó kọ nọ́ńbà. Bí kò bá bára mu, ó fa pépà pupa kan yọ, ó sì kọ ọ́ sí i pé: Orúkọ àrùn yìí kò bá àyẹ̀wò mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un wò. Àyè wà nísàlẹ̀ fún ìdáhùn. Àwọn ọ̀gá dókítà tí kì í dá minísítà lóhùn ń dá pépà yẹn lóhùn. Wọ́n á ní rẹfirí ìsàlẹ̀ ti tún fún àwọn ní káàdì.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Màmá fi pépà pupa jì rí. Òun ni ẹni tí gbogbo ilé ìwòsàn wá mọ̀ sí Dókítà Ikùn. Ọdún tó dé, ọmọdé ṣì ni, kọ́là rẹ̀ kò tíì mọ ọrùn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú fáìlì bàbá kan pé òkúta wà nínú àpò òróòro rẹ̀. Màmá ka fáìlì láti ẹ̀yìn, ó rí ìwé iṣẹ́ abẹ àtijọ́. Dípò kó fi pépà pupa ránṣẹ́, èyí tó máa gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà kọjá, ó gbé fáìlì náà há abíyá, ó gòkè lọ bá a.

"Dókítà, àpò òróòro tí ẹ ní òkúta wà nínú rẹ̀ yìí, ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti gé e jù nù. Níbo ni òkúta náà wá ń gbé?"

Òógùn bo ọmọ ọlọ́mọ. Láti ọjọ́ náà, "ìyá mi" ló ń pe Màmá, ó sì ń fi ìwà jẹ́ ọmọ fún un. Tí ọdún bá yí po, ilé Màmá ló ti ń jẹun.

Màmá bí ọmọ tirẹ̀ náà, obìnrin kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọmọ yìí nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, abẹ́ tábìlì yàrá fáìlì ló sì ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá láti ìgbà náà. Eré tí ìyá àti ọmọ máa ń ṣe ni pé ìyá á fi ìka kan ibì kan lára ọmọ, ọmọ á dárúkọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ àti àrùn tó lè bá a jà. Ìka lé abẹ́ ìhà ọ̀tún: "Àpò òróòro, mọ́mì. Òkúta, wíwú, dídí." Ọmọ náà dàgbà, ó di nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi í sí wọ́ọ̀dù Dókítà Ikùn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun, Màmá ti ilẹ̀kùn yàrá fáìlì mọ́ orí ara rẹ̀, ó sunkún ayọ̀ tẹ́rùn kó tó jáde.

Oṣù mẹ́ta kí Màmá tó fẹ̀yìn tì ni ìrora bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Kò tètè sọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ká a mọ́ ibi tó ti di etí tábìlì ilé ìdáná mú, tó ń mí fìn-ìn, kò gbà mọ́. Ó fà á lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ya fọ́tò inú, wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú nǹkan díẹ̀ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n pè é sí ọ́fíìsì Dókítà Ikùn, dókítà jókòó lápá ọ̀tún, ọmọ jókòó lápá òsì.

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni dókítà wí. "Ọgbẹ́ inú ni. Ti àpòlúkù."

Màmá mí kanlẹ̀. "K25," ni ó wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti ń rò pé lẹ́tà mìíràn lẹ máa kà sí mi létí."

Àwọn méjèèjì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tó dùn ún jù nígbà tó yá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin yìí nígbà náà, kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ìyá wọn kú nígbà tí Màmá ń rá kòrò, ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n, òun ló fún un lóúnjẹ, òun ló fi ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ kí àbúrò lè lọ. Ìrìn ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ rélùwéè ló wà láàrin àwọn méjèèjì báyìí. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n kò gbé e mọ́, kò lè wá. Iṣẹ́ Màmá kò sì jẹ́ kó lọ. Ọdún méjìlá ni wọn kò rí ara wọn. Màmá ti wá sọ pé iṣẹ́ ò ní dí òun lọ́wọ́ mọ́, òun á gba ìsinmi, òun á lọ lo oṣù kan gbáko lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ẹ̀rín yẹn gan-an ló yẹ kó wọkọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ló dá a dúró. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ọgbẹ́ yìí san ná. Ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀, oúnjẹ tí kò dáa, ta ló máa tọ́jú yín lójú ọ̀nà?"

"Ṣé kò ní pẹ́?"

"Kò ní pẹ́ rárá. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni."

Màmá dá tíkẹ́ẹ̀tì padà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè lórí fóònù, wí pé òun ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ fèrèsé, nítorí òun mọ̀ pé àbúrò òun ò fẹ́ràn ooru. Màmá á ní, "Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọgbẹ́ kékeré yìí ni mo ń bá fà á." Lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ara ń lọ sílẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ di àgbékọ́ sí i lọ́rùn. Ara ń yún un. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i nínú dígí pé ẹyin ojú òun ti ń pọ́n. Ó mọ ohun tí ìyẹn ń wí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé kékeré. Ó bi ọmọ rẹ̀. Ọmọ ní oògùn ọgbẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé yóò lọ tó bá yá. Obìnrin tó ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ja àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n níyàn gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, ó pa iná bálùwẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ọmọ rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òfin ilé ìwòsàn ni pé fáìlì tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lóde gbọ́dọ̀ padà sí yàrá fáìlì ní òpin oṣù. Dókítà Ikùn mọ òfin náà, ìyẹn ló ṣe ti fáìlì kan mọ́ inú dúrọ́ọ̀ tirẹ̀. Ohun tí kò rò ni pé wọ́n máa gbé akọ̀wé tuntun wá sí wọ́ọ̀dù rẹ̀, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ẹ̀ka ìbímọ, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n bá òun wí lóṣù àkọ́kọ́. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó kó gbogbo dúrọ́ọ̀ náà, ó kó fáìlì mọ́kànlá wá bá Màmá.

Fáìlì keje fẹ́lẹ́. Tuntun ni, wọ́ọ̀dù ló ṣí i. Màmá dojú rẹ̀ dé, ó ṣí i láti ẹ̀yìn gẹ́gẹ́ bí àṣà rẹ̀. Fọ́tò inú: nǹkan ti hù lára ògiri àpò òróòro, ó ti kọjá sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀: ọ̀nà òróòro ti ń dí díẹ̀díẹ̀. Èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú: jẹjẹrẹ, kò sí àníàní. Ìwé oníṣẹ́ abẹ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Iṣẹ́ abẹ kò lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Kí a máa fún un ní oògùn ìrora. Ara rẹ̀ ṣì gbé ìrìn àjò báyìí. Bí ó bá ní ibì kan tó fẹ́ lọ, kó má jẹ́ kó kọjá oṣù yìí.

"Ó mà ṣe o," ni Màmá wí fún fáìlì náà. C23. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, ó rí i pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ méje. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹni náà ti lọ rí àwọn èèyàn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló yí fáìlì padà. Níwájú, níbi tó yẹ kí jẹjẹrẹ wà, dókítà kọ ọ́ gbàgàdà pé: Ọgbẹ́ àpòlúkù. Inú bí Màmá. Irú ìwàkiwà wo rèé? Ó fa pépà pupa yọ, ó kọ gbólóhùn tó ti ń kọ láti ọdún gbọọrọ wá, ó fi ìbínú tẹ bírò mọ́ ọn. Orúkọ aláìsàn nìkan ló kù. Ó gbójú sí iwájú fáìlì láti dà á kọ.

Orúkọ tirẹ̀ ni.

Ó dà á kọ. Ó kọ ọ́ tán, ó fi àmì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà náà ló wá rí pépà kékeré kan tí wọ́n fi pín-ìn-nì mọ́ inú èèpo fáìlì: Kí ẹnikẹ́ni má sọ orúkọ àrùn yìí fún aláìsàn. Ọmọ rẹ̀ ló béèrè. Dókítà Ikùn fọwọ́ sí i, ọmọ náà fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ni ọjọ́ ẹ̀rín.

Màmá jókòó. Ikú kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ó ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkú ní nọ́ńbà, òun àti ikú ti mọra. Bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló wá sí i lọ́kàn. Nígbà tí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta yẹn, ó ń gun àtẹ̀gùn mẹ́rin yàrá fáìlì láì di irin mú. Ní òwúrọ̀ òní, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun. Àjèjì ì bá ṣe é fún un, ì bá gba kámú. Àwọn méjì tó mọ̀ pé kò sí ohun tó kórìíra ju kí orúkọ má bá ẹ̀rí mu ni wọ́n fi í sùn lórí irọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje, wọ́n tún ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní àárọ̀ pé ṣé ó sùn dáadáa.

Ó fi pépà pupa náà sínú fáìlì, ó sì fi í rán akọ̀wé tuntun sí òkè.

Wọn kò pẹ́. Dókítà Ikùn ló kọ́kọ́ wọlé, fáìlì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ funfun, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ìyá mi," ni dókítà bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ lónìí. Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé mo ṣì lè wọ rélùwéè fún ọjọ́ méjì?"

Dókítà wo bàtà rẹ̀. "Màmá, ẹ̀dọ̀ yín..."

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Ní ọ̀sẹ̀ méje sẹ́yìn ńkọ́?"

Dókítà fún fáìlì náà mọ́ àyà. Ìdáhùn wà nínú rẹ̀.

Ọmọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, níbi tó máa ń jókòó sí ní kékeré. "Mọ́mì, ẹ̀rù ló bà mí. Ọjọ́ tí ẹ sọ orúkọ àrùn dádì fún un, ògiri ló kọjú sí. Kò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló lò sí i. Mi ò fẹ́ kí ẹ kọjú sí ògiri."

"Bàbá rẹ ló ni ògiri tó kọjú sí," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Èmi, ẹ̀gbọ́n mi ni ǹ bá kọjú sí. O mọ̀. Ìwọ lo bá mi di báàgì, ìwọ náà lo tún tú u. Mo bi ọ́ nípa ojú mi tó pọ́n, o ní oògùn ni. Èmi tí mo kọ́ ọ lóhun tó ń mú ojú pọ́n. O lo ohun tí mo fi kọ́ ọ láti fi tàn mí jẹ."

Ọmọ náà ń sunkún láìpariwo. Màmá kò nawọ́ sí i. Ó fẹ́ nawọ́, ọwọ́ ò gbéra.

Ó gba fáìlì, ó yọ pépà pupa, ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ rẹ̀, ó fi bírò lé e. Àyè ìdáhùn ṣófo nísàlẹ̀.

"Dáhùn."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Gbogbo èèyàn ló ń dáhùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń dáhùn."

Ọmọ kọ ọ́. Lẹ́tà náà wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà: jẹjẹrẹ àpò òróòro, ó ti dé ẹ̀dọ̀. Dókítà Ikùn fọwọ́ sí i láìgbójú sókè. Màmá gbà á, ó fi bírò fa ìlà gba àárín ọgbẹ́ àpòlúkù, ó sì kọ C23 sí iwájú fáìlì ara rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ́, bó ṣe ń kọ ti gbogbo èèyàn.

Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù, ó tẹ nọ́ńbà kan tí kò nílò ìwé kó tó mọ̀ ọ́n. Ó tan sípíkà fóònù náà kí gbogbo wọn lè gbọ́. Kò pẹ́ tí ohùn àgbàlagbà kan fi wọ yàrá tí kò ní fèrèsé náà.

"Àbúrò mi. Òní kọ́ la máa ń pera wa. Ṣé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní lè wá mọ́." Màmá dúró díẹ̀ kí èémí lè padà. "Ọmọ mi wà níbí. Òun ló máa sọ ìdí rẹ̀ fún yín."

Ó gbé fóònù náà lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ wò ó, ó wo dókítà, kò rí ìrànlọ́wọ́ lójú ẹnì kankan.

"Màmá àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ni ó wí. "Ẹ má jáyà. Ẹ rí i, ọgbẹ́ tó wà nínú mọ́mì..."

Màmá Nọ́ńbà fi ìdí bírò kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.

Ní òdìkejì, ẹ̀gbọ́n ń sọ pé, "Mò ń gbọ́, ọmọ mi." Ọmọ nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ funfun, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀.